Ta Ni Yóò Máa Ṣọ́ Màlúù?

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Nebraska ṣòro láti ṣàlàyé fún màmá mi lórí fóònù. N óò wọ ìbọ̀wọ́ ọ̀rá tó gùn dé èjìká, n óò ki ọwọ́ òsì bọ màlúù nídìí, n óò fi di ọrùn ilé-ọmọ rẹ̀ mú láti inú, kí n tó fi ọwọ́ ọ̀tún ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbé àtọ̀ wọlé lójú ara. Akọ tó ni àtọ̀ náà lè ti kú tipẹ́. “Ṣé akọ ti tán lọ́dọ̀ yín ni?” ni màmá mi bi mí.

Àtọ̀ kọ́ ló pẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ní 1936, àwọn àgbẹ̀ erékùṣù Samsø ní Denmark ti dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀ fún un. Ní 1938, Enos Perry gbé e dé New Jersey. Ní 1949, Chris Polge àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i pé glycerol kì í jẹ́ kí àtọ̀ àkùkọ kú sínú òtútù. Ti màlúù tẹ̀lé e.

Àsìkò ló le. Bí ọjọ́ 21 síra ni abo màlúù ń wá akọ, ó sì lè má pé ọjọ́ kan tó fi máa ń parí. George Trimberger, ní Nebraska wa níbí, ló fi òfin rẹ̀ lélẹ̀ ní àwọn ọdún 1940: èyí tó bá dúró kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gùn ún láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni kí o fi àtọ̀ sí i, ti ìrọ̀lẹ́, ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó dáa fún ẹni tó ń fún wàrà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ṣùgbọ́n màlúù tí wọ́n ń sìn fún ẹran wà lórí pápá tí ẹlẹ́ṣin ò lè yí ká tán láàárọ̀ kan. Àwọn olóko bá tú akọ sáàárín wọn, ó parí.

Ojú tí kò tó yìí ni họ́mónù wá rọ́pò. Ní 1948, Christian àti Casida ní Wisconsin ń gún àwọn ọ̀dọ́ abo ní progesterone, họ́mónù oyún, lójoojúmọ́. Àwọn abo náà ò wá akọ títí abẹ́rẹ́ fi dáwọ́ dúró. Nígbà tó yá, wọ́n po irú oògùn bẹ́ẹ̀ mọ́ oúnjẹ wọn. Bí wọ́n bá dá a dúró, ọ̀pọ̀ nínú agbo á jọ máa wá akọ. Wọ́n yọ̀, àfi pé oyún kì í fẹ́ dúró: ẹyin tí oògùn sé mọ́lé ti pẹ́ jù kó tó jáde.

Ní 1972, àwọn olùwádìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fi hàn pé prostaglandin ń pa kókó orí ilé-ẹyin tó ń ṣe progesterone. Ní 1979 ó dé ọjà Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, ṣíṣọ́ ò tán, torí àwọn màlúù kì í wá akọ ní wákàtí kan náà. Ní 1995 ni Pursley àti Wiltbank, ní Wisconsin kan náà, fi abẹ́rẹ́ GnRH, họ́mónù tó ń mú kí ẹyin jáde, kún un fún màlúù wàrà, ni aago bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ojú. Ti New Zealand dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn náà: CIDR, rọ́bà tó rí bíi lẹ́tà T, tí progesterone ń jáde lára rẹ̀. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2002. A ó ti í sójú ara fún ọjọ́ 7, a ó fà á yọ, a ó gún prostaglandin. Tó bá di wákàtí 60 sí 66, gbogbo agbo ló ń tò wá sọ́dọ̀ mi. N ò ní purọ́, aago tẹ́ mi lọ́rùn.

Nínú 100, bí 50 sí 60 ló ń lóyún. Oyún ń lo ọjọ́ 283, èyí tó fẹ́ bí lọ́dọọdún sì ní ọjọ́ 82 péré láti tún lóyún, ọmọ ṣì ń mu ọmú rẹ̀ lọ́wọ́. CIDR máa ń jí díẹ̀ nínú àwọn tí kò tíì padà sí wíwá akọ. Èyí tó rù tó jẹ́ pé egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà ńkọ́? Mo máa ń sọ fún olóko pé kó fi owó abẹ́rẹ́ ra koríko.