Bí wọ́n ṣe ń sé ọ̀nà mọ́ gáàsì gbígbóná olóró

Lọ́dún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Ìddó. Nígbà tó fi máa di 1901, ọkọ̀ ti ń ná Ìbàdàn. Èbúté Mẹ́ta ni Rélùwéè gbé ilé iṣẹ́ ńlá rẹ̀ kalẹ̀ sí, níbi tí wọ́n ti ń tú ẹ́ńjìnnì sítíìmù palẹ̀, tí wọ́n sì ń tò ó padà. Ní 1923, ilé iṣẹ́ mànàmáná Ìjọra gbéra nítòsí ibẹ̀, èédú ló ń jó. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ tú páìpù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tó dá sítíìmù òdì kejì dúró.

Awakọ̀ ẹ́ńjìnnì sítíìmù mọ̀ ọ́n dájú. Fáàfù tí wọ́n ń pè ní regulator ni kì í jẹ́ kí sítíìmù wọ sílíńdà. Ṣùgbọ́n bó pẹ́ bó yá, fáàfù á jò. Sítíìmù tó ń yọ́ kọjá á máa kó jọ díẹ̀díẹ̀, títí ẹ́ńjìnnì tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀ á fi gbéra fúnra rẹ̀. Nítorí náà, kí awakọ̀ tó sọ̀kalẹ̀, á ti regulator, á gbé ọ̀pá tó ń dárí ẹ́ńjìnnì síwá-sẹ́yìn sáàárín, á fa bíréèkì ọwọ́, á sì ṣí àwọn ẹnu kékeré tó wà nísàlẹ̀ sílíńdà. Ibẹ̀ ni sítíìmù tó bá jò á gbà jáde, kò ní ráyè kó agbára jọ.

Lójú tèmi, inú ìṣe yìí ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Ohun tí wọ́n ń ṣe sí gáàsì olóró lónìí kò jìnnà sí i: fáàfù méjì lórí páìpù kan, ẹnu kékeré kan láàárín wọn. Sítíìmù lè jáde sójú afẹ́fẹ́. Gáàsì olóró ní láti gba páìpù tirẹ̀ lọ síbi tí wọ́n á ti jó o tàbí kí wọ́n fọ̀ ọ́.

Irú fáàfù wo wá ni? Ní 1839, James Nasmyth, ọmọ Scotland, ṣe fáàfù tí irin inú rẹ̀ nípọn lókè, tó sì tín-ín-rín nísàlẹ̀. Ó dára gan-an fún omi ìgboro. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tì í nígbà tó gbóná, ara fáàfù á súnkì bó ṣe ń tutù, á fún irin inú náà mọ́ra, kò sì ní ṣeé ṣí mọ́. Ní 1881, Hopkinson ti Huddersfield gbé irú mìíràn jáde, tí ojú méjèèjì rẹ̀ dúró gbọọrọ: agbára sítíìmù fúnra rẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìjókòó rẹ̀.

Gáàsì tó ń jáde lórí ìléru ìyọ́rin kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Eruku kún inú rẹ̀, kábọ́ọ̀nù mónọ́ksáìdì inú rẹ̀ kò láwọ̀, kò lóòórùn, ó sì ń pani. Fún un, irin pẹlẹbẹ oníhò kan ni wọ́n ń lò, apá kan ṣí, apá kejì dí, ó rí bí awò ojú tí wọ́n di ojú kan rẹ̀. Wọ́n á fà á kọjá nínú páìpù, ẹni tó dúró lóde á fojú ara rẹ̀ rí i pé ọ̀nà ti dí. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ nítorí èyí.

Nàìjíríà náà ti lo irú gáàsì yìí rí. Ní Aládjà, níbi tí Delta Steel ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1982, kábọ́ọ̀nù mónọ́ksáìdì àti háídírójìn ni wọ́n fi ń sọ òkúta irin di irin nígbà náà, ooru wọn sì ń kọjá 700°C. Téfílọ́nù kò lè dúró kọjá nǹkan bí 260°C, rọ́bà kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, torí náà irin sí irin ni ìjókòó fáàfù gbọ́dọ̀ jẹ́. Àwọn oníṣẹ́ a sì máa wá ibi tí gáàsì ti tutù díẹ̀ kí wọ́n tó fi fáàfù síbẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Pasadena, ní Texas, lóṣù kẹwàá 1989, ṣì ń dun àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí. Fáàfù oníbọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé nígbà tí wọ́n ń tú páìpù. Wọ́n ti so rọ́bà afẹ́fẹ́ tó ń darí rẹ̀ sódì, ó ṣí nígbà tí wọ́n rò pé ó tì. Gáàsì jáde, ó gbiná, ènìyàn 23 kú.

Nísinsìnyí, kí ẹnikẹ́ni tó wọ irú páìpù bẹ́ẹ̀, wọ́n á ti fáàfù méjèèjì, wọ́n á ṣí ti àárín, wọ́n á wo aago tó ń wọn agbára gáàsì títí á fi dé òdo. Wọ́n á fi àgádágodo de ọwọ́ fáàfù, kọ́kọ́rọ́ á wà lápò ẹni tó ń wọlé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ki irin pẹlẹbẹ tó dí sáàárín, tí wọ́n á sì fi ẹ̀rọ wọn kábọ́ọ̀nù mónọ́ksáìdì inú páìpù náà.