Oògùn Ìṣirò

Ọmọ kan ṣoṣo ni George Bradley àti Helen ìyàwó rẹ̀ bí. Ọdún 1879 ni wọ́n bí Emma. Ó ti di ọmọ ọdún 7 kí àrùn kan tó kọlu ọpọlọ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni wárápá ti ń dà á láàmú, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́, tí ẹ̀kọ́ sì di ìnira. Baba rẹ̀ rí owó gidi nídìí òwò tẹlifóònù, ṣùgbọ́n owó náà kò ra ìwòsàn fún ọmọ rẹ̀. Nígbà tí George kú ní 1906, ó ti kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún pé kí wọ́n fi dúkìá òun dá ilé sílẹ̀ fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ní 1931 ni wọ́n ṣí i ní East Providence, ìpínlẹ̀ Rhode Island, ní Amẹ́ríkà. Orúkọ Emma ni wọ́n fi pè é.

Ibẹ̀ ni ọmọ ń sùn, ibẹ̀ ló ń jẹun, ibẹ̀ náà ló ti ń kàwé. Lójú tèmi, ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn yìí nìyẹn, torí pé ojú nọ́ọ̀sì àti tíṣà kì í kúrò lára wọn.

Charles Bradley, ẹbí George, ni dókítà ibẹ̀. Kí wọ́n tó lè ya fọ́tò ọpọlọ láyé ìgbà náà, wọ́n á fa omi kúrò ní ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ, wọ́n á sì fi afẹ́fẹ́ rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀fọ́rí burúkú ló máa ń tẹ̀lé e. Bradley wá fún wọn ní Benzedrine, oògùn tó ń ta àgbàlagbà jí, bóyá omi náà á tètè padà. Ẹ̀fọ́rí kò fi bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ àwọn tíṣà rí i pé ọmọ tí kì í lè jókòó ti jókòó, ó sì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ parí. Ọmọ 30, láti ọmọ ọdún 5 sí 14, ni wọ́n fún lóògùn náà fún ọ̀sẹ̀ kan. Iṣẹ́ ìwé àwọn 14 yí padà lọ́nà ìyanu. Bí wọ́n ṣe dá a dúró, ìyípadà náà pòórá. Oògùn ìṣirò ni àwọn ọmọ fúnra wọn ń pè é. Ní 1937 ni Bradley kọ ọ́ jáde, ó sì kìlọ̀ kí wọ́n má lò ó ní ìlòkulò.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ìyẹn kí èmi tó wọ ilé ìwé n'Ibàdàn, síbẹ̀ ìkúnlẹ̀ nínú oòrùn ṣì ni oògùn tiwa. Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní píráímárì kẹta tó lè ṣírò owó ẹ̀kọ ìyá rẹ̀ láìṣì kọ́bọ̀ kan. Bí wọ́n bá ní kó kàwé sókè, kò lè kà á. Olódo ni wọ́n sọ ọ́. Ẹgba ló lé e kúrò nílé ìwé.

Orúkọ Bradley ni ìwé ìṣègùn ń dá. Èmi gbà pé àwọn tíṣà wọ̀nyẹn ló ni ìdajì iyì náà, nítorí oògùn ẹ̀fọ́rí ni dókítà ń wá ní tirẹ̀. Ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ jọ̀wọ́, bí ọmọ kan kò bá lè jókòó tàbí tí kò lè kàwé, ẹ máa kọ ohun tí ẹ bá rí lára rẹ̀ sílẹ̀, ẹ pe òbí rẹ̀, kí wọ́n gbé àkọsílẹ̀ náà lọ bá dókítà.