Òbí, Ọmọ àti Ẹnu-Ọ̀nà Ilé-Ẹ̀kọ́: Ìtàn Ìpinnu Kan

Nígbà tí àwọn onímọ̀ bá ń kọ ìtàn ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, òfin àti ìlànà ìjọba ni wọ́n sábà máa ń tò tẹ̀lé ara wọn. Àwọn òbí kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, àfi gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a ṣe òfin fún. Èrò tiwa ni pé òbí tí ó jókòó lálẹ́, tí ó ń rò ó bóyá kí òun yọ ọmọ òun kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lọ sí òmíràn, wà lára àwọn tí ó kọ ìtàn náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, òun ni ó ń ṣíwájú, tí ìjọba sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Èkó. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọwọ́ àwọn ìjọ Kristẹni ni ọ̀pọ̀ jù lọ ilé-ẹ̀kọ́ wà. Mùsùlùmí tí ó bá fi ọmọ rẹ̀ síbẹ̀ mọ̀ pé Bíbélì àti àdúrà wà nínú ẹ̀kọ́ ojoojúmọ́, àti pé ọmọ náà lè ti ibẹ̀ gba orúkọ mìíràn wálé. Ọ̀pọ̀ wọn pa ọmọ wọn mọ́ sí ilé-kéú. Kíkọ̀ tí wọ́n kọ̀ yìí wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba amúnisìn dá ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọ Mùsùlùmí sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1896, tí Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì sì tẹ̀lé e. Ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen, tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1923, tún ọ̀nà náà ṣe: ọmọ lè mọ ìwé láìfi ẹ̀sìn bàbá rẹ̀ sílẹ̀.

Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 yí ìbéèrè náà padà. Ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn náà kò tó 460,000 ní ọdún 1954. Lọ́dún kejì, wọ́n ti lé ní 800,000. Fún ìgbà díẹ̀, ohun tí òbí ń bi ara rẹ̀ ni bóyá ọmọ yóò lọ tàbí kò ní í lọ. Ibi tí yóò lọ kò tíì di wàhálà.

Ní ọdún 1970 ni ìbéèrè náà padà wọlé láti ẹnu-ọ̀nà tí àwa olùkọ́ èdè mọ̀ jù. Ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Gẹ̀ẹ́sì di iṣẹ́ kan láàrin àwọn iṣẹ́ yòókù. Ẹgbẹ́ ìfiwéra wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì kẹrin gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Nígbà tí a ṣe àyẹ̀wò, àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ ta àwọn yòókù yọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Kò sí olùkọ́ èdè tí kò mọ àbájáde yìí. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tí ó ń kọ àpilẹ̀kọ lé e lórí pé níbo ni ọmọ tirẹ̀ ń lọ.

Àwọn kan ń pe èyí ní àgàbàgebè. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ: òbí ń wo ìdánwò àṣewọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ó ń wo ọ́fíìsì tí ọmọ yóò ti wá iṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì bá níbẹ̀. Modákẹ́kẹ́ fi hàn pé Yorùbá lè kọ́ ọmọ yanjú. Kò sí ẹni tí ó yí ẹnu-ọ̀nà iwájú padà fún ọmọ náà.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta ọdún 1980, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó lábẹ́ Lateef Jakande kọ ìwé àṣẹ pé kí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni kógbá sílé láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Anthony Olubunmi Okogie àti àwọn mìíràn gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé-ẹjọ́, wọ́n dúró lé ẹ̀tọ́ tí òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1979 fún ènìyàn láti fi ìmọ̀ àti èrò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kò parẹ́. Lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ọdún 1986, tí owó oṣù olùkọ́ ìjọba ń falẹ̀, tí ìdaṣẹ́sílẹ̀ sì ń ti kíláàsì pa, jẹ́lé-ó-sinmi gba àdúgbò kan. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá yóò san owó ìtanràn tàbí kí wọ́n nà án.

Ohun tí ó dùn mí jù ni irú ẹni tí ó kọ́kọ́ jáde. Òbí tí ó lè lọ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, tí ó lè kọ ìwé ẹ̀sùn, tí ó lè gbé ohùn sókè ní ìpàdé òbí àti olùkọ́, òun náà ni ó ní owó láti yọ ọmọ rẹ̀. Ire ọmọ tirẹ̀ ni ó ń wá, kò sì ṣẹ̀. Àmọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba di ti ẹni tí kò ní ẹnu.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a fi èdè abínibí kọ́ni fún ọdún mẹ́fà, bí wọ́n ti ṣe ní Modákẹ́kẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ kéde pé a ti wọ́gi lé e. Ó ní ìkùnà nínú ìdánwò pọ̀ níbi tí a ti ń lo èdè abínibí. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń ṣe ìdánwò náà, ìlànà ọ̀hún kò sì tíì pé ọdún mẹ́fà tí ọmọ kan ìbá fi là á já. Òbí tí ó ti yọ ọmọ rẹ̀ kúrò tipẹ́ kò ní ohun kan láti yí padà nígbà tí ó gbọ́ ìkéde náà. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ni ọmọ tí ó ṣì jókòó ní kíláàsì kejì ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, àti olùkọ́ rẹ̀, tí ó ṣì ní láti fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ sójú pátákó.