Nǹkan Oṣù Tó Pẹ́

Èyí ni nǹkan oṣù tí kò dé lásìkò tí obìnrin ń retí rẹ̀. Láàárín ọjọ́ 21 sí 35 ni ti àgbàlagbà sábà máa ń padà wá. Ti ọmọge tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè ṣe ségesège. Oyún ló kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn, ṣùgbọ́n ìdààmú ọkàn, rírù, ọmú tí à ń fún ọmọ àti abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí náà lè dá a dúró. Àyẹ̀wò ìtọ̀ ló ń yanjú ọ̀rọ̀: ìtọ̀ àárọ̀ kùtù ló dára jù, ìlà kejì tó bá yọ lójú ohun èlò àyẹ̀wò náà, bó tilẹ̀ ṣe bàìbàì, oyún ló sábà máa ń jẹ́. Bí inú bá ń run lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń yọ, ilé ìwòsàn ni kí a gbà lọ lójú ẹsẹ̀.