Láti White Sands dé Òkun Malindi: Ìwòràwọ̀ pẹ̀lú Ìtànṣán X-ray

Òṣùpá ni onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Riccardo Giacconi àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń lépa ní òru ọjọ́ 18, oṣù kẹfà, ọdún 1962, nígbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì Aerobee wọn gbéra ní White Sands, ní ìpínlẹ̀ New Mexico, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ìtànṣán oòrùn lè mú kí òṣùpá fúnra rẹ̀ máa tan X-ray. Wọn ò rí ti òṣùpá. Láti ibòmíràn, níbi tí àwọn ìràwọ̀ Scorpius wà, ni X-ray ti ń ya bo ẹ̀rọ wọn, ó sì pọ̀ kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn retí. Wọ́n sọ orísun rẹ̀ ní Scorpius X-1. Àkókò tí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà fi wà ní ibi tó ga tó kò tó ìṣẹ́jú 6, síbẹ̀ iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lóru ọjọ́ náà ló gba ẹ̀bùn Nobel fún Giacconi lọ́dún 2002.

X-ray tí Wilhelm Röntgen ṣàwárí ní Jámánì lọ́dún 1895 ń gba inú ẹran ara kọjá, òun ni wọ́n fi ń ya àwòrán egungun nílé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó bo ayé nípọn débi pé èyí tó ń bọ̀ láti ọ̀run kì í dé ilẹ̀ rárá. Ó dáa fún ìlera wa. Ìdínà gidi ni fún onímọ̀ ìràwọ̀. Láti 1949 ni wọ́n ti fi rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ̀ pé oòrùn ń tan X-ray, àmọ́ tirẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ ìgbà náà kò fi ní lè rí ìràwọ̀ kankan tó bá dà bíi rẹ̀ lọ́nà jíjìn. Ìdí nìyẹn tí Scorpius X-1 fi ya gbogbo èèyàn lẹ́nu.

Ilẹ̀ Áfíríkà ni iṣẹ́ náà ti wá gbòòrò. Ní ọjọ́ 12, oṣù kejìlá, ọdún 1970, tó pé ọdún 7 tí Kenya gba òmìnira, wọ́n ta sátẹ́láìtì kan sókè láti orí pèpéle San Marco, ti àwọn ará Ítálì, nínú òkun lẹ́bàá Malindi, ní Kenya. Marjorie Townsend, obìnrin tó darí iṣẹ́ náà, ló sọ ọ́ ní Uhuru, òmìnira lédè Swahili. Wọn kò ṣàdédé yan ibẹ̀. Ó sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé, níbi tí ojú ilẹ̀ ti ń yí kíákíá jù lọ, ìyẹn sì ń ti rọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn. Ipa ọ̀nà tó bá tẹ̀ lé ìlà náà sì ń jìnnà sí ìtànṣán tó ń da ẹ̀rọ láàmú. Uhuru lò ju ọdún 2 lọ lókè, ó sì ka orísun X-ray 339.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni Cygnus X-1. Uhuru rí i pé X-ray rẹ̀ ń pọ̀, ó ń dín, láàárín ohun tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun ńlá kò lè yára yí padà bẹ́ẹ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ pàápàá nílò àsìkò láti ti ìpẹ̀kun rẹ̀ kan dé ìkejì. Lọ́dún 1971, Louise Webster àti Paul Murdin ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Tom Bolton ní Kánádà, fi hàn pé ìràwọ̀ ńlá kan àti ohun kan tí a kò rí ń yí ara wọn po ní ọjọ́ 5.6. Ihò dúdú (black hole) ni ohun náà, èyí tí ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè jáde kúrò nínú rẹ̀. Ìwọ̀n ìgbàlódé fi hàn pé ó wúwo tó oòrùn 21. Onímọ̀ físíìsì Stephen Hawking ti bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Kip Thorne ta tẹ́tẹ́ lọ́dún 1974 pé kì í ṣe ihò dúdú. Lọ́dún 1990 ló gbà pé òun ti pàdánù.

Uhuru ń ka ìtànṣán ni, kò lè ya àwòrán. X-ray máa ń wọnú dígí tó bá dojú kọ ọ́ ni, àfi tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀gbẹ́ rìn lórí rẹ̀ ló ń ta kúrò, bí òkúta pẹlẹbẹ tí ọmọdé sọ sójú odò. Orí èyí ni Hans Wolter gbé àwòkọ́ṣe dígí rẹ̀ kà lọ́dún 1952, òun náà sì ni Chandra ń lò, awò ìwòràwọ̀ tí ọkọ̀ gbalasa òfúrufú Columbia gbé lọ ní oṣù keje, ọdún 1999, pẹ̀lú Eileen Collins gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ọkọ̀. Àwòrán rẹ̀ nípa Cassiopeia A, ìràwọ̀ tó bú gbàmù, fi tóótó kan hàn ní gbùngbùn rẹ̀: ohun tó ṣẹ́ kù nínú ìràwọ̀ náà.

Lójú ẹni tó kọ èyí, ẹ̀kọ́ tó tóbi jù wà nínú àgbájọ àwọn gálásì. Gáàsì tó gbóná tó ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dígírì ló kún àárín wọn, ó sì wúwo ju gbogbo ìràwọ̀ inú wọn lápapọ̀. Ojú lásán kò lè rí i láéláé; X-ray ló ń fi í hàn.

Awò eROSITA tí Jámánì ṣe, tí wọ́n gbé sórí sátẹ́láìtì Rọ́ṣíà lọ́dún 2019, kó orísun tó tó 900,000 jọ láàárín oṣù 6 àkọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ni wọ́n pète pé kó yẹ gbogbo ojú ọ̀run wò. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló ṣe parí. Ní oṣù kejì, ọdún 2022, lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà gbógun wọ Ukraine, Jámánì ní kí wọ́n dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Ìbínú wọn tọ́, ṣùgbọ́n àdánù gbáà ni fún ìmọ̀ yìí.