Ìwọ̀n Ara, Ẹrù Orí àti Egungun Àwọn Obìnrin Oko Ìbàdàn

Èrò kan ti fìdí múlẹ̀ láàrin àwọn oníṣègùn pé egungun àwọn àgbàlagbà Áfíríkà kì í sábà kán. Ní ọdún 1968, Louis Solomon gbé e kalẹ̀ nípa àwọn aláwọ̀ dúdú Johannesburg. Ní ọdún 1991, Adebajo, Cooper àti Evans fi Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì rí i pé kíkán egungun ìbàdí àti ti ọrùn ọwọ́ ṣọ̀wọ́n gidigidi níhìn-ín. Èrò náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó takò ohun tí a ti mọ̀ nípa ìwọ̀n ara.

Ẹni tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ ni egungun rẹ̀ sábà máa ń fúyẹ́. Ní ọdún 2005, De Laet àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àkọsílẹ̀ nǹkan bí 60,000 ènìyàn jọ. Wọ́n fi gíga ní mítà pín ìwọ̀n ara ní kílógíráàmù lẹ́ẹ̀mejì: ẹni tí iye tirẹ̀ jẹ́ 20 fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìlọ́po méjì ewu kíkán ìbàdí tí ẹni 25 ní. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Julius Wolff ti sọ ní ọdún 1892 pé egungun a máa tún ara rẹ̀ mọ gẹ́gẹ́ bí ẹrù tí ó ń rù. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá sì ti dúró, inú ọ̀rá ara ni púpọ̀ nínú ẹ́sítírójìn tí ń dáàbò bo egungun ti ń wá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn obìnrin oko Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, tí iṣẹ́ kì í jẹ́ kí wọ́n sanra, ni ó yẹ kí ìbàdí wọn máa kán jù.

Ìdáhùn tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ni ẹrù orí. Obìnrin tí ó ru igi ìdáná, ẹ̀gẹ́ tàbí omi láti kékeré ti fi ìwọ̀n mìíràn kún ìwọ̀n ara rẹ̀. Ìdáhùn yìí wuni, ṣùgbọ́n ìwádìí Aspray, Prentice àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Keneba, ní ilẹ̀ Gámbíà, ní ọdún 1996 kò tì í lẹ́yìn. Àgbẹ̀ ni àwọn obìnrin ibẹ̀ pẹ̀lú, síbẹ̀ èròjà inú egungun wọn kéré sí ti àwọn obìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀ náà, kíkán egungun ṣọ̀wọ́n láàrin wọn. Òṣùwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 1994 fún osteoporosis, tí a gbé ka orí egungun àwọn ọ̀dọ́bìnrin aláwọ̀ funfun, yóò ka ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́ aláìsàn.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹ̀rí. Ilé Ìwòsàn Yunifásítì ti wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1957, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn tí ń to egungun ni ọ̀pọ̀ ará abúlé kọ́kọ́ ń gbé ẹni tí ó ṣubú lọ. Ìyá arúgbó mìíràn a dùbúlẹ̀ sí yàrá títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé, wọn a ní ogbó ni. Ìwé ilé ìwòsàn kò mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, iye tí a bá kà láti inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìtàn ọ̀nà mọ́tò àti ti owó bí ó ti jẹ́ ìtàn egungun. (Ẹni tí ó bá sì yí bọ́ láti orí ẹní kò tíì ṣubú jìnnà.)

Ìgboro Ìbàdàn ti wọ Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà báyìí. Ọ̀kadà ń gbé ẹrù tí orí ń rù tẹ́lẹ̀. Sísanra nìkan kò lè dí àlàfo náà: ìwádìí kan tí Compston àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2011 fi hàn pé ọrùn ẹsẹ̀ àti itan àwọn obìnrin tí ó sanra jọ̀kọ̀tọ̀ a máa kán ju ti àwọn yòókù lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń to egungun ní Mọ́níyà àti Akánrán ni ó yẹ kí kíkà tuntun ti bẹ̀rẹ̀, kí àwọn tí wọ́n rántí tó lọ tán.