Ìfami Irun

Ìfami irun ni bí irun ṣe ń gba omi àti òróró wọlé, àti bó ṣe ń dá wọn dúró. Èèpo ìta irun ló ń darí rẹ̀: ìpẹ́ wẹ́wẹ́ tó gun ara wọn lórí bíi ti ẹja, tí ẹnu wọn kọjú sí ṣóńṣó irun.

Bí ìpẹ́ náà bá lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, omi kì í tètè wọlé. Ẹ̀kán-ẹ̀kán ni yóò dúró lórí irun. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti òróró tó fúyẹ́ ló yẹ ẹ́. Òrí púpọ̀ á kàn dì mọ́ ọn lára ni.

Irun tí ìpẹ́ rẹ̀ ti ṣí máa ń mumi kíá, á sì gbẹ kíá. A lè bí i mọ́ni, ṣùgbọ́n rìlásà, dáì àti òòyà gbígbóná máa ń sọ irun dà bẹ́ẹ̀. Irú èyí gan-an ni òrí wúlò fún, kí a fi pa á nígbà tó ṣì tutù. Ìwádìí Rele àti Mohile ní 2003 fi hàn pé àdín àgbọn ń wọnú irun, ó sì ń dín purotéènì tí irun ń pàdánù kù.

Ṣóńṣó irun sábà máa ń fami ju ìdí rẹ̀ lọ, torí òun ló dàgbà jù.

Ọ̀pọ̀ ń sọ ẹyọ irun sínú ife omi láti wò ó bóyá yóò rì. Ẹ má gbára lé e: ọ̀rá ara irun lásán lè mú un léfòó. Ẹ fọ irun mọ́, ẹ ta omi sí i, kí ẹ wo bó ṣe pẹ́ tó kó tó wọlé.